Háńgà tó pọ̀ jù nílé

Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yín wò lónìí. Ó ṣeé ṣe kí háńgà ibẹ̀ pọ̀ ju aṣọ lọ. Aṣọ tó bá ti ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ dé sábà máa ń mú háńgà onírin kan bọ̀, a kì í sì í rántí dá a padà.

Ẹ kọ́kọ́ ṣà wọ́n. Èyí tó ti dógùn-ún, ẹ má fi kọ́ aṣọ mọ́. Àbàwọ́n rẹ̀ lára léèsì funfun kì í lọ bọ̀rọ̀. Ẹ fi onígi tó fẹ̀ sílẹ̀ fún agbádá àti kóòtù, nítorí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń ba èjìká aṣọ wúwo jẹ́.

Ẹ fi díẹ̀ pamọ́ fún ìgbà òjò. Bí ẹ bá fi háńgà sá ṣẹ́ẹ̀tì sórí okùn, aṣọ púpọ̀ á gba àyè kékeré, bí òjò bá sì ṣú, kíá lẹ ó kó o wọlé.

Ẹ di ìyókù pọ̀, kí ẹ kó o fún alágbàfọ̀ yín, tàbí ẹni tó ń ta bọ́síkọ́nà. Owó ni wọ́n fi ń ra tiwọn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríìdọ̀mù lẹ́nu iṣẹ́ télọ̀, tí aṣọ oníbàárà rẹ̀ ṣì wà lórí àga, yóò ṣàdúrà fún yín.

Ẹ má sun oníke o, èéfín rẹ̀ léwu. Ohun tó ń dí yín lọ́wọ́ nílé, aládùúgbò yín lè máa wá a kiri.