Eré 13 péré? Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Thunder Balogun

Ẹ̀yin èèyàn mi, thread kékeré rèé. Ẹ bá mi kà á dópin.

Ojoojúmọ́ la ń wọ dáńfó kọjá ní Sùúrùlérè, tí kọ́ńdọ́ á máa pariwo "Stadium! Stadium!" Pápá ìṣeré méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ Teslim Balogun. Ẹ bi ẹni tó jókòó tì yín pé ta ni. Ẹ ó gbọ́ "olóṣèlú kan báyìí".

Rárá o. Ọmọ Èkó tó ń gbá bọ́ọ̀lù ni. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ le débi pé "Thunder" ni wọ́n ń pè é, àrá gan-an. Ó wà lára ikọ̀ Nàìjíríà tó lọ sí England lọ́dún 1949, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù. Lọ́dún 1955 ó padà lọ, ó bá Peterborough United ṣe. Ó dé Queens Park Rangers lọ́dún 1956.

Mo sọ èyí fún ọ̀rẹ́ mi kan ní Yábàá. Ó tẹ fóònù, ó ní: "Eré líìgì 13, gólù 3. Ìyẹn náà ni wọ́n ṣe fi orúkọ ẹ̀ sọ pápá?"

Ó dùn mí. Àmọ́ ó rán mi létí ẹlòmíì, nínú eré tí ọ̀pọ̀ wa kì í wò àfi tá a bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kíríkẹ́ẹ̀tì UNILAG: Mohammad Nissar, ọmọ Íńdíà tó ń ju bọ́ọ̀lù eléré sísá.

Oṣù kẹfà ọdún 1932, ní Lord's, Íńdíà gbá Test àkọ́kọ́ wọn. Holmes àti Sutcliffe ló ṣíde fún England. Kò tíì tó ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn méjèèjì jọ kó runs 555 jọ fún Yorkshire. Nissar fi bọ́ọ̀lù wó igi ẹ̀yìn àwọn méjèèjì kí wọ́n tó rójú. Èèyàn 5 ló lé kúrò lápá àkọ́kọ́ eré náà.

Ẹ wá wo àkọsílẹ̀ rẹ̀: Test 6, wicket 25. Ó parí. Ẹ ó ní ó kéré. Àmọ́ Test 7 péré ni Íńdíà rí gbá láti 1932 dé 1936! Lẹ́yìn náà ogun dé, kò tún sí òmíràn títí di 1946. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló kúrú, ilẹ̀kùn ló há.

Ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Ẹni tó kọ́kọ́ la inú igbó kọjá kì í rí títì sáré lórí. Tá a bá fi ìṣirò àwọn tó ń sáré lórí títì lónìí wọn ẹni tó gé igbó, a ti rẹ́ ẹ jẹ. Lónìí, ọmọ Nàìjíríà ní Premier League kì í ṣe ìròyìn mọ́. Nígbà ti Thunder ńkọ́?

Ọdún 1972 ló kú. Àwọn tó fojú rí i lórí pápá ti dàgbà gan-an, wọ́n sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí bàbá àgbà yín bá ṣì wà ní Múṣin tàbí Ẹ̀búté Mẹ́ta, ẹ lọ bi í lọ́jọ́ Sunday yìí. Ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Torí orúkọ tó wà lára ògiri kò lẹ́nu. Àwa la máa bá a sọ̀rọ̀.