Ẹ Má Tíì Dá Owó Pẹ́dà Yẹn

Mo mọ̀ pé tí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde tán, àwọn kan á ní èmi ni mò ń ba iṣẹ́ Olúwa jẹ́. Kò burú. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó kọ́kọ́ kà á tán ná, kó tó wá bínú.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Ní ríhásà wa tó kọjá, ọ̀gá àwọn akọrin fẹ́lóṣíípù wa dìde, ó ní kí oníkálùkù lọ mú owó wá. Ó ní a fẹ́ ra pẹ́dà ńlá kan fún gìtá béèsì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní multi-effects, tó lè yí ohùn padà sí ọgọ́rùn-ún oríṣi. Ó ní fẹ́lóṣíípù tó wà ní òdìkejì títì ti ra tiwọn. "Ṣé ẹ ò gbọ́ bí béèsì wọn ṣe ń dún ni?" Gbogbo ilé bá ṣe "Àmín!" bí ẹni pé àdúrà ni wọ́n gbà. Èmi nìkan ni mi ò ṣe é. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń wò mí bí ẹni tó jí owó àpótí.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ o. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Nígbà tí mo wà ní 200 level, mo kó owó oúnjẹ oṣù méjì, mo fi ra pẹ́dà distortion kan tí ẹlòmíì ti lò. Ẹni tó tà á fún mi mú adaptor kan lé e, ó ní èènì nìyẹn. Inú mi dùn débi pé mi ò sùn. Bátìrì ni mo kọ́kọ́ fi lò ó. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, béèsì mi ń ké bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, mo rò pé mo ti dé nìyẹn. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Lẹ́yìn ìsìn, màmá àgbàlagbà kan wá bá mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ yín bàjẹ́ ni? Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àánú mi ló ń ṣe wọ́n.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, bátìrì kú, mo bá ki adaptor èènì bọ̀ ọ́. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí òórùn jíjó fi gba yàrá. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé 9 volt ni ọ̀pọ̀ pẹ́dà kékeré, títí kan ti Boss, ń lò, àti pé negative ló gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹnu adaptor wọn. Tèmi yẹn, positive ló wà láàárín. Àmì rẹ̀ sì wà lára adaptor náà kedere, àwòrán róbótó kékeré kan tó ní àmì ìdínkù lápá kan, àmì àròpọ̀ lápá kejì. Ojú mi ò gbé e. Gààrí ni mo fi parí sẹ̀mẹ́sítà yẹn. Nítorí náà, kì í ṣe ìlara ló ń bá mi jà. Ẹni tí iná ti jó rí ló ń sọ̀rọ̀.

Kí ni béèsì wà fún gan-an? Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, òun ni gìtá ọlọ́rùn gígùn, olókùn mẹ́rin, tó ń dún nísàlẹ̀ gbogbo orin. Okùn tó nípọn jù lára rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní E, ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. A jẹ́ 55, D jẹ́ 73, G jẹ́ 98. Irú ohùn bẹ́ẹ̀, àyà la fi ń gbọ́ ọ ká tó fi etí gbọ́ ọ. Òun ló ń sọ fún akọrin pé ibí ni ilé wà, òun ló ń sọ fún onílù pé ẹsẹ̀ rẹ̀ rèé. Ọ̀pọ̀ pẹ́dà distortion tí wọ́n ṣe fún gìtá olókùn mẹ́fà ló máa ń jẹ ìsàlẹ̀ yẹn, tá á wá fi ariwo òkè dípò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń fi bọ́tìnnì blend sára èyí tí wọ́n bá ṣe fún béèsì, kí ohùn mímọ́ lè máa bá ohùn tó dàrú rìn pọ̀. Sípíkà náà ńkọ́? Tí sípíkà yín ò bá lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ yẹn jáde, kò sí pẹ́dà tó lè bá a gbé e.

Ẹ wo ọkùnrin kan tó ń jẹ́ James Jamerson, ní ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà. Òun ló ta béèsì sínú ọ̀pọ̀ orin ilé-iṣẹ́ Motown láàárín ọdún 1960 sí 1969. Gìtá Fender Precision kan, okùn flatwound tí kì í fẹ́ pààrọ̀, ìka ọwọ́ ọ̀tún kan ṣoṣo. Kì í ṣe pẹ́dà ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo onígìtá béèsì ń jọ́ba fún títí dòní. Ó kú ní 1983.

Ọdún 1983 yẹn kan náà ni Hárúnà Ìṣọ̀lá, baba alápàlà, kú ní ilé wa níbí. Ẹ lọ gbọ́ àwo àpàlà wọn, kí ẹ fi etí sí ìsàlẹ̀. Ẹ ó gbọ́ àgídìgbo. Àpótí pákó ni, tí wọ́n kan irin pẹlẹbẹ mọ́ lójú, ìka ni wọ́n fi ń ta á. Kò jẹ iná, kò ní wáyà, kò sí bọ́tìnnì kankan lára rẹ̀, iṣẹ́ tí béèsì ń ṣe gan-an ló sì ń ṣe. Àwọn baba wa sì ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ rí i? Ohùn ìsàlẹ̀ kì í pariwo orúkọ ara rẹ̀.

Mo ti ń gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ: "Bọ̀ọ̀dá yìí ti di ará àtijọ́, ayé ti yí padà." Ó dáa. Mi ò sọ pé ẹ́fẹ́ẹ̀tì ò dáa o. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dé Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ ọdún, ẹ ti rí ìyáàlù pẹ̀lú ṣaworo lára, tó ń dún ṣìn-ìn. Kí nìyẹn tí kì í bá ṣe ẹ́fẹ́ẹ̀tì? Ìda tí wọ́n fi ń lẹ ojú gúdúgúdú ńkọ́? Ẹ́fẹ́ẹ̀tì náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bi àyàn èyíkéyìí léèrè bóyá ó máa ń so ṣaworo mọ́ ìlù tí awọ rẹ̀ ti ya.

Bootsy Collins tí ẹ ń wò lórí fóònù, tó gbé béèsì oníràwọ̀ kọ́rùn, tí pẹ́dà Mu-Tron ń mú kí béèsì rẹ̀ máa ké wáò-wáò, ọ̀dọ̀ James Brown ló kọ́kọ́ wà ní 1970. Ohun tí Brown ń tẹ̀ mọ́ ọn létí ni pé kó dúró lórí kíkà àkọ́kọ́, kó má ṣe jẹ́ kí ìkíní bọ́. Ìgbà tó mọ ìkíní tán ló tó gbé ìràwọ̀ kọ́rùn. Àwa ń kọ́? Ìràwọ̀ la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé wàyí, ká wo béèsì tí a fẹ́ ra pẹ́dà fún. Ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀, pẹ́ńsù á gba abẹ́ okùn rẹ̀ kọjá. Okùn tó wà lórí rẹ̀, mo bá a níbẹ̀ nígbà tí mo wọ ilé-ìwé yìí. A ti sè é nínú omi lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ ni, sísè là ń sè é bí ẹ̀wà, kí òógùn àti ìdọ̀tí lè jáde lára rẹ̀. Á dún dáadáa fún ọjọ́ díẹ̀, á tún kú. Ẹnu ibi tí jáàkì ń wọ̀, sẹ́lótéèpù ló dì í mú. Tí ẹ bá fa okùn rẹ̀ tó bá kíbọ́ọ̀dù mu, tí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ lókè ọrùn, ohùn ti yapa nìyẹn. Pẹ́dà ọlọ́gọ́rùn-ún ohùn á gba ìyapa yẹn, á sì sọ ọ́ di ọgọ́rùn-ún ìyapa.

Èyí tó wá dùn mí jù lọ ni amp. Wáyà mẹ́ta ló wà nínú okùn iná rẹ̀ nígbà tó ti ilé-iṣẹ́ jáde. Méjì ló kù. Wáyà ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní earth, ẹnìkan ti gé e, ó ní òun ló ń fa "húùùn". Ní sẹ̀mẹ́sítà tó kọjá, ọmọ 100 level kan tí mò ń kọ́ ní béèsì fẹ́ gbè orin. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí okùn, ètè rẹ̀ kan maikirofóònù. Iná gbé e. Ó ju gìtá sílẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. A gbàdúrà, a dúpẹ́, ẹnìkan tiẹ̀ dá orin ọpẹ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, a tún ki wáyà kan náà bọ ojú iná.

Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá. Okùn béèsì so pọ̀ mọ́ irin ara amp láti inú wáyà jáàkì. Tí iná bá jò sára irin yẹn, wáyà ilẹ̀ ló yẹ kó gbé e lọ. Tí wáyà ilẹ̀ ò bá sí, ara ẹni tó ń ta gìtá ló máa gbà kọjá, pàápàá tí ẹnu rẹ̀ bá kan irin mìíràn. Ọmọ yẹn ò tíì padà wá o. Ó ní òun ń kàwé. Gbogbo wa mọ̀ pé kì í ṣe ìwé. Ṣé pẹ́dà ni a fẹ́ fi pè é padà?

Kí wá ni kí á ṣe? Ẹ gbọ́ tèmi.

Èkíní, ká pe oníná tó mọṣẹ́, kó dá wáyà ilẹ̀ amp padà, kó sì wò ó bóyá earth wà nínú ojú iná gbọ̀ngàn wa lóòótọ́, kó wo ti jẹnẹrétọ̀ náà. Tí béèsì bá ṣì ń ṣe "húùùn" lẹ́yìn ìyẹn, ká wá ibi tó ti ń wá. Ká má ṣe gé nǹkankan mọ́.

Èkejì, ká ra okùn tuntun, ká gbé béèsì fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún ọrùn gìtá ṣe. Irin kan wà nínú ọrùn yẹn tí wọ́n máa ń yí díẹ̀díẹ̀ títí tá á fi tọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi agbára yí i, tó bá kán, ó parí.

Ẹ̀kẹta, ká ra wáyà jáàkì méjì tó dáa, ká sì jó ẹnu jáàkì gìtá náà pọ̀ dáadáa.

Ẹ̀kẹrin, ká ra tuner kékeré tí wọ́n ń há mọ́ orí gìtá. Ti orí fóònù ò dáa nígbà tí onílù bá ń lù, ariwo á dà á láàmú.

Ẹ̀karùn-ún, DI box, kí béèsì lè gba inú wáyà gígùn dé mixer láìkó ariwo wọlé.

Tí owó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn èyí, ká ra compressor, tó ń tẹ ohùn tó bá ga jù sílẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba. Lẹ́yìn náà la tó lè máa sọ ti ọgọ́rùn-ún ohùn.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fẹ́ ra béèsì tókunbọ̀ tiyín, yálà ní Alaba tàbí lọ́wọ́ ẹni tó ń parí ìwé rẹ̀ lọ, ẹ má wo àwọ̀. Ẹ gbé ọrùn rẹ̀ sójú bí ẹni tó fẹ́ yìnbọn, kí ẹ wò ó bóyá ó tọ́. Ẹ tẹ gbogbo ojú ọrùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò gbọdọ̀ sí èyí tó ń ṣe "dẹ̀rẹ̀rẹ̀". Ẹ yí gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀. Tó bá jẹ́ èyí tó ń lo bátìrì, ẹ yọ jáàkì kúrò nígbà tí ẹ bá ta á tán, torí jáàkì yẹn gan-an ló ń tan bátìrì. Mo mọ ẹni tó ra bátìrì mẹ́rin lóṣù kan nítorí pé kò mọ èyí.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Iye tí wọ́n bù fún wa, ẹni tí bàbá rẹ̀ ń fi owó ránṣẹ́ á ní kékeré ni. Ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ rìn láti Adénìkẹ́ wá sí kíláàsì, kékeré kọ́ ni fún un. Mo ti rí i kí wọ́n dá owó báyìí, kí wọ́n máa pe orúkọ ẹni tí kò tíì san níwájú gbogbo èèyàn. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹni yẹn ò wá mọ́. A ti pàdánù àwọn tó lóhùn dáadáa báyẹn. Tí a bá máa gba owó lọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó jẹ́ nítorí ohun tí kò ní pa ẹnikẹ́ni. Kò yẹ kó jẹ́ nítorí pé àwọn ará òdìkejì títì ti ra tiwọn.

Mi ò ní san kọ́bọ̀ sí pẹ́dà yẹn. Tó bá jẹ́ ti wáyà ilẹ̀ àti okùn tuntun, ìlọ́po méjì ni màá san, kí wọ́n kọ orúkọ mi sókè pátápátá. Ọjọ́ Ẹtì ni ìpàdé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Màá wà níbẹ̀. Màá mú wáyà tí wọ́n gé yẹn dání, kí gbogbo yín lè fojú rí i.