Wọn Ò Bi Yín Pé Ọmọ Ta Ni Yín: Bí A Ṣe Ń Sọ Nípa Ara Ẹni Níwájú Agbaniṣíṣẹ́

Nílẹ̀ Yorùbá, bí ọ̀dọ́ kan bá wọlé tó kúnlẹ̀ tàbí tó dọ̀bálẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àgbà máa ń bi í ni, "Ọmọ ta ni ọ́?" Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣòro. Ọmọ náà á dárúkọ bàbá rẹ̀, á dárúkọ agboolé, á fi ìlú kún un. Bí àgbà náà bá mọ agboolé yẹn, ojú rẹ̀ á tú ká, oríkì lè bọ́ sí i lẹ́nu, wọ́n sì lè gbé oúnjẹ wá kí ọ̀rọ̀ tó délẹ̀. Ìdílé ni ìwé ìdánimọ̀ àwọn baba wa. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní, níbi tó ti yẹ kó ṣiṣẹ́.

Ibi tí kì í ti í ṣiṣẹ́ ni iwájú tábìlì àwọn tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́.

Ìyà ló kọ́ èmi fúnra mi lọ́gbọ́n yìí. Lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnrú ìlú, ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn pè mí fún íńtáfíù. Èèyàn mẹ́ta ló jókòó dè mí. Obìnrin tó wà láàárín wọn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ sọ nípa ara yín fún wa." Mo ní nínú ara mi pé èyí kò le rárá. Mo sọ orúkọ mi, ìlú mi, ìjọba ìbílẹ̀ mi. Mo ní èmi ni ọmọ kẹta nínú ọmọ mẹ́fà, mo ní tíṣà ni bàbá mi, mo ní ìyá mi ń ta aṣọ. Mo dárúkọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, mo bọ́ sórí girama. N kò tíì dé yunifásítì tí ọkùnrin tó wà lápá òsì fi wo aago. Obìnrin yẹn wá fi sùúrù dá mi dúró: "Ẹ ṣeun. Kí lẹ lè bá wa ṣe níbí?" Ẹnu mi wọhò. Mo ti ná gbogbo ọ̀rọ̀ mi tán sórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè. Wọn kò pè mí padà, n kò sì dá wọn lẹ́bi.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni èmi náà wá ń jókòó sí òdìkejì tábìlì. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àṣìṣe mi kì í ṣe tèmi nìkan. Nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọlé, àwọn tó ń ka ìtàn ìdílé wọn sí wa létí pọ̀ ju àwọn tó ń sọ iṣẹ́ wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé wọn wà níwájú wa. Ìlú, ọjọ́ orí, ilé ìwé, gbogbo rẹ̀ la ti kà kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn.

Ẹ má fojú kékeré wo ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n bá fún yín láti sọ nípa ara yín. Ẹ rántí ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014, nígbà tí wọ́n pe àwọn tó ń wá iṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n jọ sí àwọn pápá ìṣeré káàkiri Nàìjíríà. Ó lé ní 500,000 èèyàn tó ti forúkọ sílẹ̀, ààyè iṣẹ́ tó wà kò sì tó 5,000. Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Àbújá, ní Port Harcourt, ní Minna àti ní Benin, ó kéré tán, èèyàn 15 ló kú. Bí àwọn tó ń wáṣẹ́ ṣe pọ̀ tó nìyẹn. Bí ìwé tiyín bá wá yọ láàárín irú èrò bẹ́ẹ̀, tí wọ́n fún yín ní àga, tí èèyàn mẹ́ta sì dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ yín, ẹ ti gba ohun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń wá tí wọn kò rí. Kì í ṣe ohun tó yẹ ká fi sọ ìtàn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń bèèrè gan-an nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ sọ nípa ara yín? Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú ẹyọ kan yẹn. Iṣẹ́ wo lẹ mọ̀? Níbo lẹ ti ṣe é tó yọrí? Kí ló gbé yín wá sọ́dọ̀ àwa, tí kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹlòmíì? Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Bí ìdáhùn yín bá dúró lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò ní í yẹ̀.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Ká ní báńkì kékeré kan tó ń yá àwọn ọlọ́jà lówó ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú ìwé owó. Ọ̀dọ́bìnrin kan wọlé, ó kí wọn, ó jókòó, ó wá sọ báyìí:

"Orúkọ mi ni Lágbájá. Ìṣirò owó ni mo kọ́ ní pólì, mo sì gba HND. Nígbà tí mo jẹ́ agùnbánirọ̀, ẹ̀ka owó ilé ìwòsàn ìjọba kan ni wọ́n fi mí sí. Èmi ni mò ń kọ owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde sílẹ̀, tí mo sì ń fi ìwé wa wé ìwé báńkì lóṣooṣù. Nígbà tí mo débẹ̀, iṣẹ́ oṣù mẹ́rin ló ti ṣẹ́ jọ. Kí n tó kúrò, a kì í jẹ́ kó kọjá ọ̀sẹ̀ kan mọ́. Mo kà á nínú ìkéde yín pé àwọn ọlọ́jà lẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́ jù. Ìdí ìsọ̀ ìyá mi ni mo dàgbà sí, mo mọ bí ọlọ́jà ṣe ń ṣírò àti ohun tó máa ń mú kí wọ́n sá fún ìwé. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ bá yín ṣiṣẹ́."

Bí ẹ bá sọ ọ́ pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, kò ní í pé ìṣẹ́jú méjì. Àbí ẹ ṣàkíyèsí pé òun náà mẹ́nu ba ìyá rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá wọ inú ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló bá wá. Ọ̀rọ̀ ilé kò dèèwọ̀. Èyí tí kò bá ti ní ohun tó ń ṣe fún iṣẹ́ tí ẹ ń wá ni kó dúró sílé.

Àwọn kan á ní, "Ó dáa fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rí. Èmi tí n kò tíì ṣe nǹkan kan ńkọ́?" Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Láti ọdún 1973 ni ètò agùnbánirọ̀ ti ń rán àwọn ọ̀dọ́ tó ti gboyè lọ fi ọdún kan sin ìlú. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló sì máa ń lo oṣù mélòó kan nílé iṣẹ́ kí wọ́n tó gboyè. Kí lẹ ṣe níbẹ̀? Bí ẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò lẹ́yìn ilé ìwé, iṣẹ́ ni. Bí ẹ jẹ́ akápò ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́sálásí, tí owó ẹgbẹ́ kò sì dín kọ́bọ̀ títí ẹ fi gbé e fún ẹlòmíì, ẹ̀rí nìyẹn. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ wáyà iná lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọdún mẹ́ta ní ohun tí yóò sọ: iye ilé tó bá ọ̀gá rẹ̀ wáyà, irú àléébù tó máa ń rí, bó ṣe ń wá ibi tí iná ti já. Kí ó sọ ọ́ bó ṣe ṣe é.

Ohun mìíràn tó ń dí wa lẹ́nu ni ẹ̀kọ́ ilé. Wọ́n tọ́ wa pé ìyìn ara ẹni kò yẹ ọmọlúàbí, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó ń yin ara rẹ̀ àti ẹni tó ń jábọ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá ní, "Èmi akíkanjú ni mí, kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí tó mi," ìyìn ló ń yin ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè wádìí rẹ̀. Ẹni tó bá ní, "Oṣù mẹ́rin ló ti ṣẹ́ jọ, mo mú un padà sí ọ̀sẹ̀ kan," àbọ̀ iṣẹ́ ló ń jẹ́. Ìjábọ̀ kò ba ẹ̀kọ́ ilé jẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún gbólóhùn kan tó ti ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lọ́wọ́: "Iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá fún mi ni mo máa ṣe." Ẹni tó ń sọ ọ́ rò pé ìrẹ̀lẹ̀ lòún ń fi hàn. Ohun tí agbaniṣíṣẹ́ ń gbọ́ ni pé ẹni yìí kò mọ iṣẹ́ kan pàtó. Ẹkún àti ẹ̀bẹ̀ náà kò ṣiṣẹ́. Wọ́n lè káàánú yín títí ẹ ó fi jáde, kí wọ́n sì gba ẹni tó mọṣẹ́. Bákan náà, ẹ má bú ọ̀gá tí ẹ fi sílẹ̀, nítorí èyí tí ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ á máa rò ó pé tòun náà ń bọ̀.

Irọ́ ńkọ́? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Níbi íńtáfíù, kì í pẹ́ tó ogún ìṣẹ́jú. Ẹ ní ẹ mọ kọ̀ǹpútà dáadáa, wọ́n á ní kí ẹ súnmọ́ èyí tó wà lórí tábìlì. Ẹ ní ẹ ṣiṣẹ́ níbì kan, wọ́n á gbé fóònù. Ohun tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ ní ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ̀ ń ṣe láti kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ojú pẹ̀lú. Wọ́n tọ́ wa pé ọmọ kì í wo àgbà lójú kòrókòró, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa fi máa ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìgbò, Haúsá, ará Íńdíà tàbí ará Lẹ́bánónì lè wà lára àwọn tó jókòó sí tábìlì yẹn. Ojú tó wolẹ̀ lè jọ ti ẹni tó ń fi nǹkan pa mọ́ lójú wọn. Ẹ tẹrí ba bí ẹ bá wọlé, ẹ dúró títí wọ́n á fi ní kí ẹ jókòó. Lẹ́yìn náà, kí ẹ máa wo ẹni tó bi yín ní ìbéèrè bí ẹ ti ń dá a lóhùn. Bí ojú bá wúwo fún yín, ẹ wo àárín ojú rẹ̀ méjèèjì. Kò ní í mọ̀, ẹ kò sì rí i fín.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń lò níbi íńtáfíù. Ẹ má torí ẹ̀ máa fi imú sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dé láti Lọ́ńdọ̀nù lánàá. Gbólóhùn kúkúrú tó yéni sàn ju ọ̀rọ̀ gígùn tó ń kọsẹ̀ lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi Yorùbá tò ó nínú ọkàn yín kó dúró ṣánṣán, kí ẹ tó wá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí kò bá yé yín ní Yorùbá kò lè dán ní èdè kankan.

Nítorí náà, ẹ má dúró di ọjọ́ tí wọ́n bá pè yín. Lálẹ́ òní, ẹ mú bébà kan, ẹ kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta yẹn, gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kà á sókè, ẹ fi fóònù yín gba ohùn náà sílẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹlòmíì ló ń sọ ọ́. Ibi tó bá sú ẹ̀yin fúnra yín, ẹ gé e. Ẹ sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ kan tí kì í tan yín. Ẹ má há a sórí bí ewì ọmọ ilé ìwé. Kókó rẹ̀ ni kí ẹ mú dání. Bí wọ́n bá sì pè yín, ẹ tún ìkéde iṣẹ́ náà kà, kí ẹ yí ààrò kẹta padà kó bá ilé iṣẹ́ yẹn mu.

Bí ẹ bá délé, ẹ sọ fún wọn pé ọmọ ta ni yín. Bí ẹ bá dé iwájú tábìlì, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí ọmọ náà lè ṣe.