Sípíkà Tó Ti Kú l'Álàbá, Ẹ Jẹ́ Kó Dé Láàbù Wa

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ṣé ẹ ti rí àwo Starlink tí wọ́n ń tà l'Ọ́jà Àlàbá? Láti ọdún 2023 ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Gbogbo wa la mọ̀ pé íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń ti òkè wá. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé àwọn sátẹ́láìtì tó ń gbé e wá ní ẹ́ńjìnnì kékeré kan tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́. Hall thruster ni wọ́n ń pè é.

Iná ló ń sọ gáàsì inú rẹ̀ di plasma, plasma náà sì gbóná kọjá sísọ. Tó bá ń kan ògiri ẹ́ńjìnnì, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí á fi lu. Lẹ́yìn ọdún 2010, àwọn onímọ̀ JPL, ilé iṣẹ́ NASA l'Ámẹ́ríkà, fi hàn pé tí èèyàn bá to agbára mágínẹ́ẹ̀tì náà kó tẹ̀ lé ara ògiri, plasma gbígbóná ò ní lè sún mọ́ ọn.

Kì í ṣe idán o. Gáàsì tó ní iná lára nìkan ni mágínẹ́ẹ̀tì lè darí báyìí. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá tó ń gbéra nílẹ̀, tí inú rẹ̀ ń gbóná ju 3,000°C lọ, epo tútù ni wọ́n sábà máa ń gbà kọjá lára ògiri rẹ̀ kó má bàa yọ́.

Ibi tí mò ń lọ rèé. Agbára tó ń darí plasma yẹn náà ló ń mi sípíkà. Òfin ọwọ́ òsì Fleming ni. Báwo la ṣe ń kọ́ ọ níbí? Tíṣà á ya ọwọ́ sójú pátákó, àwa náà á yà á sínú nóòtù, ó parí. Mi ò tíì rí mágínẹ́ẹ̀tì kan nínú láàbù wa láti SS1. Àwa tí a ń gbé lẹ́bàá Àlàbá kẹ̀!

Sípíkà tí bébà rẹ̀ ti ya, wọ́n á jù ú sórí ààtàn, bẹ́ẹ̀ mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà digbí. Tí wáyà inú rẹ̀ ò bá tíì jóná, ẹ fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan kàn án: bébà á fò síwájú. Ẹ yí bátìrì padà, á fà sẹ́yìn. Fleming nìyẹn, lójú kòrókòró.

Àwọn kan á ní pàǹtí ni, ó léwu. Wáyà tí wọ́n ń sun torí kọ́pà ló léwu, èéfín rẹ̀ burú. Àwa ò ní sun nǹkan kan.

Ọ̀gá àgbà wa, ẹ dákun, ẹ tún bá wa kọ̀wé sí ibùdó rọ́kẹ́ẹ̀tì NASRDA tó wà l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, kí wọ́n jẹ́ ká wá wò ó. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ni. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti lọ wo ọ̀bọ.

Láti ọjọ́ Ajé, páálí kan á wà lẹ́nu ọ̀nà láàbù. Ẹ tọrọ sípíkà tó ti kú lọ́wọ́ àwọn bọ̀dá yín ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má lọ gbé ti ṣọ́ọ̀ṣì wá o, ìyẹn ṣì ń ṣiṣẹ́.