Asìnkú Kì í Ṣe Olórí Ẹbí

Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá láyé àtijọ́, bí àgbà bá kú, àwọn ará ilé ni í wẹ òkú, àwọn àna ni í gbẹ́ ilẹ̀, àwọn ọmọ a sì gbé aṣọ ìsìnkú wá. Lónìí, ìyípadà ti dé. Ní Ìfọ́n àti Ìlobùú, àwọn Mùsùlùmí ṣì ń sin òkú wọn kíákíá. Ṣùgbọ́n ìdílé Kristẹni tí ń dúró de ọmọ tí ó wà ní Èkó tàbí ní òkè òkun a máa gbé òkú pamọ́, wọn a sì ké sí asìnkú, ẹni tí ó fi ìtọ́jú òkú àti ètò ìsìnkú ṣe iṣẹ́.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kẹ́gàn iṣẹ́ yìí. Fọ́málínì tí a ń fà sínú iṣan òkú kí ó má bàa tètè bàjẹ́ jẹ́ oògùn líle. Ó ń ta ojú àti imú, ó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ fún ẹni tí ó ń fà á símú fún ọjọ́ pípẹ́. Kì í ṣe ohun tí ọmọ ilé yóò rà lọ́jà láti fi dán ara òkú baba rẹ̀ wò. Nígbà tí àrùn Ẹ̀bólà jà ní Gíní, Làìbéríà àti Sàró láàrin 2014 sí 2016, ó pa ju 11,000 ènìyàn lọ. Púpọ̀ nínú wọn kó o níbi tí wọ́n ti ń wẹ òkú tí wọ́n sì ń fọwọ́ kàn án. Ẹni tí a kọ́ ni ó yẹ kí ó tọ́jú irú òkú bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀ràn ti ń bàjẹ́ ni ibi tí asìnkú ti di olórí ẹbí. Yóò dárúkọ pọ́sí olówó ńlá, ọkọ̀ gígùn, àwọn afunfèrè àti àwọn tí yóò gbé òkú jó, ẹni tí ń sunkún yóò sì máa dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni." Lẹ́yìn ìsìnkú ni yóò fi oko tí baba fi sílẹ̀ dógò. Láyé àtijọ́, gbèsè ìsìnkú wà lára ohun tí ń sọ ènìyàn di ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè náà kò tíì lọ.

Ábúráhámù sọkún Sárà. Síbẹ̀ ó dìde kúrò níwájú òkú rẹ̀, ó bá Éfúrónì sọ̀rọ̀ owó ilẹ̀ lẹ́nu ibodè, ó sì wọn 400 ṣékélì fàdákà lójú gbogbo ènìyàn kí ó tó sin ín. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Nítorí náà, kí ẹbí yan ẹnì kan tí ọ̀fọ̀ kò wọ̀ lára jù, kì í ṣe opó, kì í ṣe àkọ́bí. Kí ó béèrè iye owó ohun kọ̀ọ̀kan, kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí asìnkú sì fọwọ́ sí i kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó béèrè iye tí ilé ìgbókùúsí ń gbà lójúmọ́, nítorí ọjọ́ ni í sọ owó kékeré di ńlá. Kí ó rí i pé sàréè jìnnà sí kànga. Kí ó sì lọ fi orúkọ olóògbé sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn, gẹ́gẹ́ bí òfin 1992 ti pa á láṣẹ. Ìwé ẹ̀rí ikú ni báńkì yóò béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ.

Asìnkú lè gbé pọ́sí, ṣùgbọ́n ẹbí, ìjọ àti aládùúgbò ni yóò jókòó ti opó, tí yóò sì bá a ro ebè iṣu tí olóògbé kò rò tán. Àwọn àgbà wí pé ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Wọn kò wí pé ẹni tí pọ́sí rẹ̀ gbówó lórí.