Àtàǹpàkò Inú Tàdáwà, Àtàǹpàkò Orí Fóònù

Bí àgbẹ̀ Odigbo kan tí kò mọ̀wé bá fẹ́ fi oko kòkó rẹ̀ dógò, akọ̀wé á kọ ìwé, á kà á sókè, á sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Bàbá á béèrè ohun tí kò yé e kó tó ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà. Akọ̀wé á wá kọ ọ́ sẹ́sẹ̀ ìwé pé òun kà á fún un, ó sì yé e, á fi orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i. Òfin tó ń dáàbò bo aláìmọ̀wé ló pa á láṣẹ.

Ẹ wá wo ọmọ bàbá náà ní ìkóríta Ore, níbi táwọn èrò Benin ti ń sọ̀ jẹun. Ó fẹ́ yá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lórí áàpù. Gẹ̀ẹ́sì agbẹjọ́rò ni àdéhùn náà látòkè délẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ wẹ́wẹ́, dátà sì ń lọ. "Mo gbà" nìkan ló hàn ketekete. Ó tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe yọ̀ǹda gbogbo nọ́ńbà orí fóònù rẹ̀ nìyẹn. Bó bá pẹ́ san, àna rẹ̀ á gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé olè ni, bẹ́ẹ̀ àna kò ṣe onígbọ̀wọ́ fún un. Google ti fòfin de irú áàpù bẹ́ẹ̀ lórí àtẹ rẹ̀ láti 2023, àmọ́ líǹkì làwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn.

Ẹni tó jẹ gbèsè, kó san. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ wa ni pé títẹ̀ yẹn kì í ṣe àdéhùn. Òfin ààbò oníbàárà ti 2018, abala 127, kò fàyè gba àdéhùn tó ń rẹ́ oníbàárà jẹ. Òfin ààbò dátà ti 2023 ní èdè tó rọrùn ni kí wọ́n fi gba ìyọ̀ǹda. Apá FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sì ká a: ní July 2024, ó bu ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, tó ni WhatsApp, ara ẹ̀sùn náà ni pé wọn ò jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà lè kọ̀ láti gba ìlànà lílo dátà tí WhatsApp gbé jáde ní 2021. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ fọwọ́ sí ìtanràn náà ní April 2025.

Kí FCCPC má ṣe fọwọ́ sí áàpù ayánilówó kankan tí kò bá ní ojú ewé kan ní Yorùbá, tí ohùn lè kà jáde: èlé, ọjọ́ sísan, ohun tí wọ́n máa wò lórí fóònù. Kí "Mo kọ̀" tóbi tó "Mo gbà". Kí orúkọ ẹni tó kọ ìwé náà sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú àdírẹ́sì ibi tí a ti lè bá a.