Ẹ Yẹ Ìwé Iṣẹ́ Ológun Yín Wò

 

Ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, ìyá kan nínú ìjọ wa tí ó ń gbé ní Houston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pè wá pẹ̀lú ẹkún. Ọkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ti ṣe iṣẹ́ ológun lọ́hùn-ún fún ọdún 8, ó sì jáde pẹ̀lú ọlá kí ọlọ́jọ́ tó dé. Nígbà tí ìyá yìí mú ìwé ọkọ rẹ̀ lọ láti béèrè ohun tí ó tọ́ sí opó, wọ́n sọ fún un pé orúkọ inú ìwé ológun kò bá ti inú ìwé ìgbéyàwó mu. Òṣìṣẹ́ kan ni ó ti fi orúkọ ìdílé sí ipò orúkọ àbísọ, tí ó sì fi orúkọ àbísọ sí ipò orúkọ ìdílé. Ó tún fo àmì-ẹ̀yẹ kan tí ọkùnrin náà gbà. Èyí tí ó dùn wá jù ni pé ọkọ rẹ̀ rí àṣìṣe náà ní ọjọ́ tí wọ́n fún un ní ìwé. Ohun tí ó sọ ni pé, "Kò ṣe nǹkan, èmi náà ni." Ọdún 11 ni ìwé náà fi wà nínú àpótí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ fi ojú ìwé wa ti oṣù yìí bá àwọn ìdílé tí ó ní ọmọ, ọkọ tàbí ìyàwó nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n mọ́ láàrin wa. Ní ọdún 2009, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ṣí ọ̀nà kan fún àwọn àjèjì tí wọ́n gbọ́ èdè tí ológun nílò, èdè Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n kà. Wọ́n ti ti ọ̀nà yẹn ní ọdún 2016, ṣùgbọ́n àwọn tí ó gba ibẹ̀ wọlé, àti àwọn tí ó gba ọ̀nà mìíràn wọlé, ní ìwé lọ́wọ́ lónìí.

Ìwé wo ni? Orúkọ rẹ̀ ni DD Form 214. Òun ni wọ́n ń fún sójà nígbà tí ó bá ń jáde. Orúkọ rẹ̀, ipò rẹ̀, ọjọ́ tí ó wọlé àti ọjọ́ tí ó jáde, àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀, àti irú ìjáde tí ó jáde, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìwé yìí ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fún un ní ìtọ́jú ìlera, owó ilé-ìwé, ẹ̀yáwó ilé, àti ibojì ní itẹ́ àwọn ológun. Bí ọ̀rọ̀ kan bá yí níbẹ̀, ilẹ̀kùn púpọ̀ lè tì.

Ẹ rántí Mordekai. Iṣẹ́ rere tí ó ṣe fún ọba wà nínú ìwé, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó san án fún un, títí di òru tí ọba kò rí oorun sùn tí wọ́n sì ka ìwé náà sí i létí. Bí akọ̀wé bá ti ṣi orúkọ rẹ̀ kọ ńkọ́?

Báwo ni a ṣe ń tún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe? Àkọ́kọ́, ẹ yẹ ìwé náà wò kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Orúkọ àwa Yorùbá gùn, ọ̀pọ̀ ni kò sì mọ èwo ni orúkọ bàbá. Ẹ fi ìwé ìrìnnà yín wé e, lẹ́tà sí lẹ́tà.

Èkejì, bí àṣìṣe náà bá kéré, bí orúkọ tí wọ́n ṣì kọ tàbí àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n gbàgbé, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka ológun tí ẹ ti ṣiṣẹ́, kí ẹ sì fi ẹ̀rí sí i. Bí wọ́n bá gbà, wọn yóò fún yín ní DD Form 215, èyí tí ó jẹ́ ìwé àtúnṣe tí a ń so mọ́ ti àkọ́kọ́.

Ẹ̀kẹta, bí ọ̀rọ̀ bá tóbi ju èyí lọ, tàbí tí wọ́n bá kọ̀, ìgbìmọ̀ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tún àkọsílẹ̀ ológun ṣe. Òfin ọdún 1946 ni ó fi ìdí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ múlẹ̀, àwọn tí kì í ṣe sójà ni ó sì ń jókòó níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí a ń kọ sí wọn ni DD Form 149. Òfin ní kí a kọ ọ́ láàrin ọdún 3 tí a bá ti rí àṣìṣe náà, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ lè fojú fo ìdádúró bí ó bá rí i pé òdodo béèrè bẹ́ẹ̀. Bí ẹni náà bá ti kú, opó tàbí ajogún rẹ̀ lè kọ ọ́. A kì í san owó fún un. Ẹ ṣọ́ra fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí ẹ kó owó wá kí òun tó bá yín gba fọ́ọ̀mù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Ìgbìmọ̀ yìí a máa gbà pé ohun tí ó wà nínú ìwé tọ̀nà títí ẹ ó fi fi ẹ̀rí hàn pé kò tọ̀nà. Ẹkún kò tó, ìbínú kò sì tó. Ìwé ni a fi ń bá ìwé jà: lẹ́tà ìgbéga, ìwé owó oṣù, ìwé ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ ìbúra láti ẹnu àwọn tí ẹ jọ ṣiṣẹ́. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé e pé ìjọba ni yóò máa bá yín tọ́jú ẹ̀dà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1973, iná jó ilé tí wọ́n ń kó ìwé àwọn ológun sí ní St. Louis. Àkọsílẹ̀ tí ó tó mílíọ̀nù 16 sí 18 ni ó ṣègbé, kò sì sí ẹ̀dà wọn níbòmíràn. Títí di òní, àwọn àgbàlagbà àti ọmọ wọn ṣì ń ṣa ẹ̀rí jọ díẹ̀díẹ̀ láti fi hàn pé wọ́n sìn.

Bóyá ẹnìkan ń sọ pé, "Tiwa ti pẹ́ jù." Ẹ gbọ́ èyí. Ní ìlú Houston kan náà, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1917, ìjà ńlá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá ti fìyà jẹ àwọn sójà aláwọ̀ dúdú ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun 24th Infantry. Ènìyàn kú. Ilé ẹjọ́ ológun dá 110 nínú àwọn sójà náà lẹ́bi, wọ́n sì yẹgi fún 19. Wọ́n yẹgi fún 13 nínú wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù Kejìlá, láìjẹ́ kí wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn gbé ìtìjú náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò dẹ́kun kíkọ̀wé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, lórí ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ àtúnṣe tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, wọ́n fagi lé ìdálẹ́bi gbogbo 110, wọ́n sì pàṣẹ pé kí a kọ ọ́ pé wọ́n sìn pẹ̀lú ọlá. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èyí lọ fún ọdún 106, òtítọ́ sì bá a.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn tí ó wà láàyè láti gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ó bá di ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ.

Ìyá wa ti Houston wá ìwé ìrìnnà tí ọkọ rẹ̀ fi wọ iṣẹ́ kàn nínú àpótí àtijọ́. Ó fi ìwé ìgbéyàwó àti ìwé àmì-ẹ̀yẹ náà sí i, ó kọ lẹ́tà, ó sì dúró. Oṣù 7 kọjá kí ìdáhùn tó dé. Nígbà tí ó tún pè wá, kò sọ ti owó rárá. Ó ní, "Pásítọ̀, orúkọ bàbá àwọn ọmọ mi ti padà sí ààyè rẹ̀."

Bí ẹ bá ka èyí tán, ẹ lọ sí ìdí àpótí. Ẹ mú ìwé náà jáde, kí ẹ sì pe ọmọ yín kan kí ó bá yín kà á sókè.